Bẹ́ ẹ ṣe lè ṣe Ọjọ́ Àṣà ní súkùù tí ọmọ kankan ò ní fi sunkún relé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tíṣà, ẹ̀yin òbí, àtẹ̀yin ọmọ kọmítì PTA tí wọ́n máa ń pè lálẹ́ Wẹ́sidè pé "ètò wa ti di Fúráìdeè o, ẹ bá wa wá kánópì." Ọ̀rọ̀ Ọjọ́ Àṣà ni mo gbé wá, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Cultural Day. Súkùù tí kì í ṣe é ní Ìbàdàn báyìí ò pọ̀ mọ́, láti Àkóbọ̀ dé Apáta, àmọ́ ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe: àwọn ọmọ á ra aṣọ, díjéè á gbé ẹ̀rọ dé, wọ́n á jó, wọ́n á ya fótò, wọ́n á pín ráìsì, ó tán, tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá sì mọ́, ọmọ tí wọ́n ti ń fi èdè ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀, yẹ̀yẹ́ náà ni wọ́n á tún máa fi ṣe lọ.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ èyí nìyí. Ní súkùù kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ọmọ Háúsá kan wà ní Primary 4, ọmọ tó mọ ìṣirò débi pé òun làwọn tó kù ń dà lé lórí tá a bá fún wọn níṣẹ́ ilé. Nígbà tí wọ́n ń pín ẹ̀yà fáwọn ọmọ, wọ́n gbé abọ́ sùyà fún un, wọ́n fún un lọ́pá, wọ́n kọ "ÀBÓKÍ" sára káàdì, wọ́n fi kọ́ ọ lọ́rùn. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, kí n má parọ́. Bàbá ọmọ yìí ò ta sùyà rí láyé ẹ̀ o, télọ̀ ni, yúnífọ́ọ̀mù tó wà lọ́rùn ìdajì àwọn ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín yẹn, òun ló rán an. Ọmọ ò wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kò wá lọ́jọ́ Túsìdeè. Mo wá lọ sílé wọn ní Sábó, àdúgbò àwọn Háúsá n'Ìbàdàn níbí, ìyá ẹ̀ gbé omi fún mi, ó kí mi dáadáa, kò sì sọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ yẹn títí mo fi dìde. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ká ní ó bú mi ni, mi ò bá ti gbàgbé.

Ẹ wò ó, Ìbàdàn ló yẹ kó mọ nǹkan yìí ṣe jù. Inú oríkì wa gan-an la ti ń pariwo pé Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjèjì. Ìlú tó jẹ́ pé ibùdó ogun ló jẹ́ ní nǹkan bí 1829, tí Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá kóra jọ sí, tẹ́ ẹ bá wá a dé ìdí, ta ni kì í ṣe àjèjì níbẹ̀? Sábó fúnra ẹ̀ ti wà láti 1916. Ọmọ tí wọ́n bí sí Sábó, tí wọ́n bí bàbá ẹ̀ sí Sábó, àlejò wo ló tún fẹ́ jẹ́?

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká bọ́ sí i. Mo ti ṣe é dáadáa lẹ́ẹ̀mẹta, mo ti bà á jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, inú méjèèjì ni mo ti kó ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

1. Ẹ kọ́kọ́ mọ àwọn ọmọ tẹ́ ẹ ní

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí aṣọ. Ó kéré tán, tó bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ tẹ fọ́ọ̀mù kékeré kan, kó má ju ojú ìwé kan lọ, ẹ fi rán àwọn ọmọ sílé. Ìbéèrè márùn-ún péré: Èdè wo lẹ ń sọ nílé? Orúkọ wo lẹ ń pe ọmọ yìí, báwo lẹ sì ṣe ń pè é? Kí lọmọ ò gbọ́dọ̀ jẹ? Kí lẹ ò fẹ́ kó wọ̀ tàbí kó ṣe? Ṣé ẹnì kan wà nílé tó lè wá fi nǹkan kan hàn wá, bóyá orin, ìtàn, oúnjẹ, tàbí iṣẹ́ ọwọ́?

Ẹ kíyè sí i pé mi ò fi "ẹ̀yà wo lẹ jẹ́" síbẹ̀. Mo fi síbẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́, àwọn òbí kan sì dá fọ́ọ̀mù pa dà láìkọ nǹkan kan sí i, torí kò yé wọn ohun tá a fẹ́ fi ṣe. Àti pé ìyá lè jẹ́ Urhobo, kí bàbá jẹ́ Ìgbómìnà, kí wọ́n bí ọmọ sí Òkè-Àdó, kó máa sọ Yorùbá Ìbàdàn tó ki bí àmàlà. Tẹ́ ẹ bá ní kó mú ẹyọ kan, ẹ ti ní kó yàn láàárín bàbá àti ìyá ẹ̀ nìyẹn. Èdè tí wọ́n ń sọ nílé ò dá ìjà sílẹ̀, wọ́n sì lè kọ méjì tàbí mẹ́ta.

Àwọn òbí tí ò mọ̀wé kà ńkọ́? Ẹ fi ohùn ránṣẹ́ lórí Wásáàpù, ọ̀kan ní Yorùbá, ọ̀kan ní Háúsá, ọ̀kan ní Pijin, kí wọ́n fi ohùn dáhùn. Ohun tí mo bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ má ṣe ni kẹ́ ẹ dúró níwájú kíláàsì kẹ́ ẹ ní "ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ Ìgbò, ẹ gbé ọwọ́ sókè." Mo ti rí ọmọ tó gbé e sókè dé ìdajì tó tún rọra gbé e sọ̀ kalẹ̀.

Nígbà táwọn fọ́ọ̀mù tiwa dé, ẹnu yà wá. Ohun tá a ń rò lọ́kàn ni Wàsóbíà, ṣé ẹ mọ̀ pé "wá" ni gbogbo ẹ̀, wá ti Yorùbá, zo ti Háúsá, bịa ti Ìgbò. Ohun tó dé ni Tiv, Ìdọ́mà, Ebira, Ẹ̀dó, Ègùn, Fúlàní, àti ọmọ kan tó jẹ́ pé Faransé ni wọ́n ń sọ nílé wọn torí Kùtọnù ni wọ́n ti wá. Èdè tó wà ní Nàìjíríà ju 500 lọ, àwa ń pè é ní mẹ́ta. Ẹ má sì gbàgbé àwọn Yorùbá fúnra wọn: ọmọ Ìkàrẹ́ tí wọ́n ń fi ohùn ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ní Ìbàdàn, ọmọ Oǹdó, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, àwọn náà ní nǹkan tí wọ́n fẹ́ sọ.

2. Orúkọ, kó tó di ọ̀rọ̀ aṣọ

Èyí ò náni ní kọ́bọ̀, òun ló sì ń ṣiṣẹ́ jù. Ẹ mú ríjísítà, kẹ́ ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ gbogbo ọmọ inú ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa, àwa ará Ìbàdàn, "ṣ" gan-an ń bá wa jà, "ch" ló wá kù. Chidinma wọ kíláàsì wa, a sọ ọ́ di Sidínmà, ọmọ ń dáhùn torí kò fẹ́ wàhálà. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo máa ń ní kí ìyá tàbí bàbá fi ohùn ara wọn pe orúkọ náà ránṣẹ́ sí mi, mo máa gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó wọ kíláàsì, tí mo bá sì ṣì í pè, màá ní kí ọmọ tún un ṣe fún mi níwájú gbogbo wọn. Ó máa ń dùn mọ́ wọn láti kọ́ tíṣà ní nǹkan. Àti pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé orúkọ ọmọ kúrú fún un torí pé ó gùn. Olúwafúnmiláyọ̀ náà gùn, ṣebí à ń pè é.

Orúkọ yìí gan-an tó kíláàsì kan fúnra ẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n wá ibi tí Ọlọ́run wà nínú orúkọ ara wọn: Yorùbá ní Olú, Ìgbò ní Chi tàbí Chukwu, Ẹ̀dó ní Osa, Urhobo ní Oghene, Tiv ní Aondo, Ẹ̀fíìkì ní Abasi. Lẹ́yìn náà kí wọ́n wá ọjọ́ tí wọ́n bí èèyàn nínú orúkọ. Háúsá máa ń sọ ọmọ ọkùnrin tí wọ́n bí lọ́jọ́ Jímọ̀ ní Danjuma, obìnrin á jẹ́ Jummai, obìnrin tí wọ́n bí lọ́jọ́ Àlàrùba á jẹ́ Laraba. Ìgbò ní ọjọ́ ọjà mẹ́rin, Eke, Orie, Afọ àti Nkwọ, ibẹ̀ ni Okeke, Okorie, Okafor àti Okonkwo ti wá. Ọmọ Yorùbá kan ní kíláàsì mi gbọ́ èyí, ó ní "ṣé bí Abọ́sẹ̀dé ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn tíṣà tó kù náà ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, àwọn tó ti ń pe Okeke láti ọdún gbọọrọ.

3. Ẹ pa òfin "vernacular" rẹ́, tàbí kẹ́ ẹ má ṣe Ọjọ́ Àṣà rárá

Màá sọ eléyìí bó ṣe rí lọ́kàn mi, kẹ́ni tí inú bá máa bí bínú. Súkùù tó ń fi ọmọ kúnlẹ̀ torí pé ó sọ èdè ìyá ẹ̀ láti January dé December, tó wá wọ àdìrẹ fún un lọ́jọ́ kan nínú May, irọ́ ni wọ́n ń pa. Ọmọ náà mọ̀. Ohun tẹ́ ẹ ń kọ́ ọ ni pé aṣọ ẹ̀ dáa láti fi ya fótò, ohùn ẹ̀ ló burú.

Àwọn òbí á ní Gẹ̀ẹ́sì ọmọ á bàjẹ́. Ó ti pẹ́ táwọn èèyàn wa ti dá ọ̀rọ̀ yìí wò. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan, wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà tó wà ní praimárì, Gẹ̀ẹ́sì wá jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ yẹn ò rẹ̀yìn, wọ́n tún ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, Gẹ̀ẹ́sì náà wà níbẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i ní 2022 pé kí wọ́n máa fi èdè ìbílẹ̀ kọ́ ọmọ ní praimárì, ní 2025 wọ́n ní àwọn ti fagi lé e. Ìyẹn ti ìjọba. Kò sófin tó ní kẹ́ ẹ na ọmọ tó bá sọ Ìdọ́mà pẹ̀lú àbúrò ẹ̀ lásìkò oúnjẹ.

Tí apá yín ò bá ká hẹ́dímásítà lórí gbogbo ẹ̀, ẹ gba ibi kékeré: àkókò ìsinmi, ojú pápá, àti oúnjẹ ọ̀sán, kí wọ́n sọ èdè tó bá wù wọ́n níbẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ̀rù ṣì ń bà wọ́n, wọ́n á sọ ọ́ tán, wọ́n á wo ojú mi.

4. Ọjọ́

Kíákíá lèyí. Fúráìdeè ò dáa tó bá máa kọjá agogo méjìlá, torí Jímọ̀. Sátidé, àwọn Àdìfẹ́ńtì ò ní wá. Ẹ wo kàlẹ́ńdà fún ààwẹ̀ Ràmàdáánì, lọ́dọọdún ló máa ń fi bí ọjọ́ 11 yá ju ti ọdún tó kọjá lọ, ẹ ò lè máa bu máásà sí àwo níwájú ọmọ tó ń gbààwẹ̀ kẹ́ ẹ wá ní gbogbo wa là ń ṣe é pọ̀. Ọjọ́ méjì kan wà tí gbogbo ayé fọwọ́ sí, 21 February fún èdè abínibí àti 21 May fún onírúurú àṣà. Ti February, oòrùn á pa yín. Ti May, òjò Ìbàdàn ò ní dá yín lóhùn, ẹ wá gbọ̀ngàn. Tọ́sìdeè láàárọ̀ lèmi máa ń mú.

5. Kọmítì àti owó

Tó bá jẹ́ pé tíṣà Yorùbá mẹ́fà ló jókòó tó ń pinnu báwọn Tiv ṣe ń jó, ohun tó máa jáde níbẹ̀ máa burú. Ẹ pe òbí méjì tàbí mẹ́ta látinú àwọn tí ò pọ̀, kí wọ́n wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe pé ẹ ti parí gbogbo ẹ̀ tán kẹ́ ẹ wá ní kí wọ́n wá wò ó. Ẹ fi ìpàdé sí alẹ́, nǹkan bí agogo méje, torí ẹni tó ń tajà ní Bódìjà tàbí Gbági ò lè pa ṣọ́ọ̀bù dé lágogo méjì ọ̀sán nítorí yín. Tí ẹ bá sì pè wọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ kẹ́yin tó sọ̀rọ̀.

Lórí owó, mi ò ní kọ iye síbí, tí n bá kọ ọ́ lónìí, yóò ti fò sókè lọ́la. Òfin tiwa ṣá ni pé kẹ́nikẹ́ni má rán aṣọ tuntun. Ohun tó bá wà nílé ni, tí kò bá sí, a máa yá. Torí mo mọ ìyá kan tó ní ọmọ mẹ́ta ní súkùù, wọ́n ní kó ra àǹkárá mẹ́ta lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó ní ibà ń ṣe àwọn ọmọ òun lọ́jọ́ yẹn. Ibà ò ṣe wọ́n. Gbogbo wa la mọ̀, kò sẹ́ni tó sọ ọ́.

6. Aṣọ, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́

Ibí ni wọ́n ti máa ń ṣàṣìṣe jù. Wọ́n á mú ọmọ ọdún méje, wọ́n á dé fìlà pupa lé e lórí pé Ìgbò ni. Lọ́dọ̀ àwọn Ìgbò, àwọn olóyè ló ń dé fìlà pupa o, bí ìgbà tẹ́ ẹ dé adé fún ọmọ jẹ́léósinmi tẹ́ ẹ ní Yorùbá ni. Òbí kan lè má bínú, òmíì á bínú, ẹ béèrè. Ìsíágụ̀, aṣọ tí orí kìnnìún wà lára ẹ̀ yẹn, kò ní wàhálà. Tiv ní aṣọ dúdú àti funfun oníla, Ìdọ́mà ní pupa àti dúdú, wọn ò jọ ara wọn o, ẹ má pààrọ̀ wọn, torí àwọn òbí Bẹ́núè á rí i láti géètì. Ìlẹ̀kẹ̀ iyùn àwọn Ẹ̀dó, tààfin ni ìpìlẹ̀ ẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ìyá ọmọ fúnra ẹ̀ sọ ibi tó máa wọ̀ ọ́ dé. Háúsá àti Fúlàní kì í ṣe ẹnì kan náà. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n títí mo fi dàgbà.

Yorùbá náà kì í ṣe ẹyọ kan. Tẹ́ ẹ bá lè kó àwọn ọmọ Primary 5 lọ sí ọjà Òjé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ná aṣọ òkè, ọjọ́ mẹ́tàdínlógún síra ni ọjọ́ ọjà ẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ kan sányán, kí wọ́n fọwọ́ kan àlàárì àti ẹtù, kí wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní "aṣọ ìgbéyàwó." Ẹ sì wá àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn fún wọn, ẹ ní kí wọ́n wá òpó gbọ̀ngàn Mápó nínú ẹ̀. Tí wọ́n bá rí i, ariwo tí wọ́n máa pa, ẹ di etí.

Eégún àti mmanwụ, ìyẹn eégún àwọn Ìgbò, ńkọ́? Mi ò ní kẹ́ ẹ má ṣe é, àmọ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé kọ̀ọ̀kan, ẹ má fipá mú ọmọ kankan, ọmọ tí wọ́n ní kó má wá wò ó, ẹ wá nǹkan gidi fún un ṣe láìfi dójú tì í. Ẹ má sì fi tìróò ya ilà sí ọmọ lójú fi ṣe yẹ̀yẹ́.

7. Ohun tí wọ́n máa ṣe lọ́jọ́ náà, yàtọ̀ sí ijó

Ijó dáa, àmọ́ tó bá jẹ́ ijó nìkan, ọmọ tí ò mọ̀jó á dúró sẹ́yìn. Àwọn mẹ́rin tó ti ṣiṣẹ́ fún mi rèé.

Àkọ́kọ́ ni àlọ́. A ní Ìjàpá, Ìgbò ní Mbe, ìjàpá náà ni, Háúsá ní Gizo, ìyẹn aláǹtakùn, ìyàwó ẹ̀ ń jẹ́ Koki bí ti Ìjàpá ṣe ń jẹ́ Yánníbo. Ẹ ní kí ọmọ mẹ́ta sọ ìtàn alárékérekè tilé wọn, ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, ní èdè tilé wọn, kí ẹnì kan máa túmọ̀ ẹ̀. Lọ́dún tá a ṣe é, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn pé ta ló ní ọgbọ́n jù láàárín Ìjàpá àti Gizo, ìjà yẹn wọ ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìjà tó dùn ni.

Ìkejì ni ọ̀rọ̀. Ẹ kọ ẹ̀yà ara sójú bọ́ọ̀dù, Yorùbá lápá kan, Ìgbò lápá kejì: etí àti ntị, imú àti imi, ẹnu àti ọnụ. Ẹ má sọ nǹkan kan, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i fúnra wọn pé ìbátan ni wá. Lẹ́yìn náà ẹ kọ àlùbọ́sà àti albasa, tákàdá àti takarda, àlàáfíà àti lafiya, ẹ ní kí ọmọ Háúsá tó wà nínú kíláàsì ka apá kejì. Ọmọ tó jẹ́ pé òun nìkan ló gbọ́ èdè yẹn, òun ni tíṣà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn.

Ìkẹta ni eré. Ayò ọlọ́pọ́n wà lọ́dọ̀ wa, Ìgbò ń pe tiwọn ní okwe. Tẹ́n-tẹ́n táwọn ọmọbìnrin ń ta, àwọn ọmọ Ìgbò ń pè é ní ọ̀gá. Ẹ kàn gbé ọpọ́n kalẹ̀, ẹ kúrò níbẹ̀.

Ìkẹrin ni àgbà tó mọṣẹ́ kan. Mo pa dà lọ bẹ bàbá télọ̀ Sábó yẹn, ó gbà mí lọ́dún méjì. Ọdún kìíní ó ní òun níṣẹ́ lọ́wọ́. Ọdún kejì ó wá, ó mú fìlà tí wọ́n fi ọwọ́ gán dé ìdajì dání, ó jókòó sórí ẹní, ó ní kí àwọn ọmọ máa wá lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gán ìlà kan ṣoṣo. Yorùbá tó ń sọ ju tàwọn tíṣà kan lọ, ó ń pa òwe. Kò sẹ́ni tó pè é ní àbókí lọ́jọ́ yẹn, "Bàbá" ni wọ́n ń pè é.

8. Oúnjẹ

Ẹ fi káàdì síwájú ìkòkò kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ oúnjẹ sí i, àti ohun tó wà nínú ẹ̀: ẹ̀pà, edé, ẹyin, wàrà, irú ẹran. Kúlíkúlí àti ọbẹ̀ ẹ̀pà lè ṣe ọmọ tí ẹ̀pà ò bá ara ẹ̀ mu ní ṣútà, ẹ wo fọ́ọ̀mù yín dáadáa. Ẹran tí wọ́n bá máa sè fún gbogbo ọmọ, kí Mùsùlùmí ló pa á, kò dí Kírísítẹ́nì lọ́wọ́ láti jẹ ẹ́. Tí ẹnì kan bá fẹ́ gbé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wá, kó ní ìkòkò, síbí àti tábìlì tiẹ̀ lọ́tọ̀.

Ẹ má fún ọmọ ní àwo kún, ṣíbí kan nínú kọ̀ọ̀kan ti tó, kí wọ́n tọ́ ọ wò. Ká tó bẹ̀rẹ̀ mo máa ń kọ́ wọn pé tí o ò bá fẹ́, "mo ti yó, ẹ ṣeun" lò ń sọ, o ò gbọ́dọ̀ yínmú sí oúnjẹ ìyá ẹlòmíì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó jọra: àkàrà wa ni Háúsá ń pè ní kosai, ọ̀kpà àwọn ará Enúgu sì jọ mọ́ín-mọ́ín lójú, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀wà wa ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹ tún se àmàlà àti gbẹ̀gìrì, torí àwọn ọmọ Ìbàdàn kan wà tí wọn ò jẹ gbẹ̀gìrì rí. Ẹ máa rí wọn.

9. Ọmọ tí ò gbọ́rọ̀, ọmọ tí ò lè rìn, ọmọ tí ò fẹ́ ariwo

Àwọn èèyàn á ní kí ló kan àṣà. Àwọn adití ní èdè tiwọn, wọ́n sì ní àṣà tiwọn. Nǹkan wọn ò jìnnà sí wa rárá: Andrew Foster, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, adití lòun fúnra ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ súkùù adití ní Gánà ní 1957, ó dá ọ̀kan sílẹ̀ ní Ìbàdàn níbí ní 1960, ìdí nìyẹn tí ọwọ́ tí ọ̀pọ̀ adití ń fi sọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà fi jọ ti Amẹ́ríkà. Ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n láti wá kọ́ gbogbo àsẹ́ńbìlì bí wọ́n ṣe ń kíni àti bí wọ́n ṣe ń pàtẹ́wọ́, ìyẹn gbígbé ọwọ́ méjèèjì sókè kẹ́ ẹ máa mì ín. Ẹ lè béèrè ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àkànṣe ní Yunifásítì Ìbàdàn, tàbí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tó wà fún iṣẹ́ yìí ní Ọ̀yọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Pèpéle tí ọmọ gbọ́dọ̀ gun àtẹ̀gùn mẹ́ta kó tó débẹ̀, ẹ má lò ó, ẹ ṣe gbogbo ẹ̀ nílẹ̀. Ẹ fi kíláàsì kan sílẹ̀ tó jìnnà sí ẹ̀rọ díjéè, kẹ́ ẹ tẹ́ ẹní síbẹ̀, fún ọmọ tí ariwo ń dà láàmú. Tíṣà kan jókòó sínú ẹ̀ lọ́dún tó kọjá, ó ní òun fẹ́ ṣọ́ àwọn ọmọ, òun fúnra ẹ̀ ló sùn jù.

10. Ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́

Ẹ máa gbọ́ ọ, àní lọ́jọ́ náà gan-an: mọ́là, Òkóró, àwọn tó kù tí mi ò ní kọ. Àwọn ọmọ Ìgbò náà máa ń pe tiwa ní ofe mmanu, pé ọbẹ̀ wa, epo ni. Ẹ má ṣe bí ẹni tí ò gbọ́. Ẹ má sì na ọmọ, ilé ló ti gbọ́ ọ, bóyá lẹ́nu tèmi tìẹ. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé màá dúró, màá bi í, "kí ni ìtumọ̀ ẹ̀?" Kò ní mọ̀ ọ́n. Àbókí yìí, ọ̀rẹ́ ló túmọ̀ sí lédè Háúsá. Àwa la mú ọ̀rọ̀ tí èèyàn fi ń pe ọ̀rẹ́ ẹ̀, a sọ ọ́ di orúkọ ẹni tó ń ta sùyà àti ẹni tó ń ṣọ́ géètì. Mo sọ ọ́ fún àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, mo ní ẹni tó bá ń pe ẹnikẹ́ni ní àbókí látòní, kó mọ̀ pé ó ti di ọ̀rẹ́ ẹ̀ nìyẹn, oúnjẹ ọ̀sán wọn di àjùmọ̀jẹ. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ó sì rọlẹ̀ gan-an lẹ́yìn ìyẹn. Kò tán o. Ó rọlẹ̀.

11. Tó bá parí

Ẹ má tú bọ́ọ̀dù yẹn ká. Ìkíni kan lọ́sẹ̀ kan ní àsẹ́ńbìlì, èdè kan tán, òmíì dé, ọmọ tó ni ín ni kó máa kọ́ wa. Ẹ kó àwọn ọmọ tí ò pọ̀ jọ lọ́jọ́ kejì, níbi tí wọn ò ti ní tijú, ẹ bi wọ́n pé kí ló dùn, kí ni ò dùn, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, torí ìwé yẹn lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀ tọdún tó ń bọ̀. Ẹ pe àwọn òbí tó wá, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn ní orúkọ wọn.

Aṣọ tẹ́ ẹ yá, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ ká a dáadáa kẹ́ ẹ tó dá a pa dà. Èyí tí epo bá ta sí, ẹ má fi rán ọmọ. Ẹ gbé e lọ sílé wọn fúnra yín, kẹ́ ẹ jókòó, kẹ́ ẹ mu omi tí wọ́n bá gbé fún yín.